Mo Ní Kí Ó Kọ Ọ́ Pé Òun Kò Ní Ìyàwó

Ìwé kan wà lórí itan mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ìwé aláwọ líle ni, mo sì ti fi ọ̀rá wé ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi òjò Ajégúnlẹ̀ má baà rí i gbé ṣe. Mo ti kọ ọjọ́ sí òkè ojú ewé kan nínú rẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i, ojoojúmọ́ ni mo sì ń pa á dé. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kí ó lọ. Ẹnìkan ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, irọ́ sì ni nǹkan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí n kọ ọ́ kò mọ̀ pé irọ́ ni. Nínú gbogbo ẹbí wa tó wà ní Nàìjíríà, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹnì kejì tí ó mọ̀ wà ní Kánádà, ó sì ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́ nítorí tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, nítorí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ mi kò ní yé yín. N kò kàwé jìnnà. Ọdún kejì ni mo wà ní girama tí mo fi kúrò. Ìyókù ìwé tí mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ara mi, lára bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà, lára àkọlé ẹ̀yìn tírélà, àti lára Kùránì onítumọ̀ Yorùbá tí bàbá mi gbé wá láti Ṣakí. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, dókítà bi wá pé irú oògùn wo ni ara wọn kì í gbà. Àwa ọmọ mẹ́rin ni a dúró yí ibùsùn ká, bàbá wa ṣe ìkarùn-ún. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ rí pé oògùn kan fẹ́ẹ̀ pa wọ́n nígbà kan ní Ṣakí. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó rántí orúkọ rẹ̀. A ń wo ojú ara wa bí ẹni tí kò gbé inú ilé kan náà rí. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi ni mo ra ìwé àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tí n kò kọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ hu eyín, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tí àgbàrá wọ yàrá dé orí ibùsùn, orúkọ ẹni tí ó bá wa gbé ẹrù lọ́jọ́ náà, aáwọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ó parí rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àbúrò mi, bàbá mi á ní, “Ẹ pe akọ̀wé. Akọ̀wé, kí ni ìwé wí?” Ohun tí mo bá kà jáde ni òpin ọ̀rọ̀. N kì í ya ewé. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, ìlà kan ṣoṣo ni mo máa ń fà sí i, kí ẹni tí ó bá kà á lè rí ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Liverpool Road ní Àpápá ni èmi àti ọkọ mi ti pàdé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n gé lára kọ̀ǹténà, ibẹ̀ ni ó ti ń tẹ ìwé, tí ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn àjẹ́ńtì tí ń gba ẹrù jáde ní èbúté. Èmi sì gbé kúlà omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi gbé ìwé lọ fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Snake Island, èmi ni mo sì máa ń bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, títí bàbá mi fi jókòó níwájú ààfáà tí wọ́n so yìgì wa. Ọlọ́run fún wa ní ọmọbìnrin kan, Àmínátù.

Ẹni tí ó bá ti tajà ní agbègbè yẹn yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn agbowó máa ń wá, tòótọ́ àti ayédèrú, a kì í tilẹ̀ mọ èwo ni èwo. Bí wọn kò bá bá oníṣọ́ọ̀bù nílé, ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni wọn yóò gbé. Bí ìyàwó ni wọn kò bá sì bá, wọn á fi kọ́kọ́rọ́ ti ṣọ́ọ̀bù ọkọ. Nítorí náà, bí agbowó bá ti yọ lókèèrè, kò sí tọkọtaya mọ́ ní gbogbo ojú ọ̀nà yẹn. Kálukú á sẹ́ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọkọ mi á yáa sá sẹ́yìn kọ̀ǹténà, èmi á gbájú mọ́ kúlà mi.

“Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?”

“Ọ̀gá, I no sabi am o. Omi tèmi ni mò ń tà.”

“Wọ́n ní ọkọ ẹ ni.”

“Ọkọ ta ni? Ọkùnrin tó dúdú bí ìdí ìkòkò yẹn? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Bí wọ́n bá ti lọ, ọkọ mi á yọ jáde, á ṣí fìlà fún mi bí ẹni tó kí àlejò. “Aládùúgbò, ẹ kú àdúgbò o. Mo gbọ́ pé mo dúdú.” Èmi náà á dá a lóhùn pé, “Aládùúgbò, ẹ má bínú, ẹnu ọjà ni.” A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wa. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ wa lára. Nínú ilé, lórí fóònù, nígbà tí inú wa bá dùn, Aládùúgbò ni à ń pe ara wa. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí a fi ń ṣeré ni. N kò mọ̀ pé eré náà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí àwọn àjẹ́ńtì ń ṣe gbogbo nǹkan lórí fóònù wọn, ọkọ mi wá ilé-ìwé sí Kánádà, wọ́n sì gbà á. Nínú ìwé tí ó fi gba físà, ó kọ orúkọ mi àti ti Àmínátù síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìyàwó òun àti ọmọ òun ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Àmínátù nígbà tí a sin bàbá rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, mo kọ wákàtí tí ó pè wá pé òun ti dé, mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó ní òtútù ibẹ̀ ń wọ inú eyín.

Ọdún yẹn parí, kò tíì rí iṣẹ́ kankan. Ìgbà tí ó di nǹkan bí oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó pè mí ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo jókòó sí iwájú ilé, mo ń gba atẹ́gùn. Ó ní, “Aládùúgbò, iṣẹ́ dé fún akọ̀wé o.” Ó ní wọ́n ti sọ fún gbogbo àwọn àlejò ilé-ìwé wọn pé kí kálukú kọ ìwé owó-orí ránṣẹ́ sí ìjọba, àti ẹni tó ríṣẹ́, àti ẹni tí kò rí.

“Ẹni tí kò ríṣẹ́? Owó-orí kí ni wọ́n fẹ́ gbà lórí rẹ̀?”

“Wọn ò fẹ́ gba nǹkan kan. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ mí ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ní Àpápá, agbowó tí ó bá ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ ti wà nínú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé ìwé mi, a sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi í ní ọjọ́ tí ó wọ ìlú wọn. Mo kà á fún un. Wọ́n bi í ní owó tí ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di ọjọ́ tí ó wọ̀lú, nígbà tí ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ìyẹn náà wà nínú ìwé mi, mo kà á fún un. Wọ́n wá bi í ní ohun tí ó rí láti ọjọ́ tí ó ti dé. Ó ní òdo. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e, òdo. Èyí tí ó tún tẹ̀lé e, òdo. Ó ní, “Òdo pọ̀ níbí o, ó dà bí ẹyin tó wà lábẹ́ àgbébọ̀ adìẹ.” Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Èmi tí n kò parí girama, ìwé tí mo kọ ní Ajégúnlẹ̀ ni ọkọ mi fi ń dá ìjọba òyìnbó lóhùn!

Àfi ìgbà tí wọ́n bi í bóyá ó ní ìyàwó. Wọ́n sì tún bi í pé, bí ó bá ní, kí ni ìyàwó náà ń rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Bí mo ṣe jókòó sí iwájú ilé yẹn, agbowó ni mo rí, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń wo kúlà mi. Mo ní, “Ẹ má kọ mí síbẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ti sọ pé ẹ ò níṣẹ́, wọ́n sì gbà. Tí ẹ bá wá ní ìyàwó yín ń tajà ní Àpápá, ṣé wọn ò ní sọ pé ẹrù ti wà nílẹ̀? Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò ní ìyàwó.”

“Ìyá Àmínátù, ibí kì í ṣe Liverpool Road.”

“Kò síbi tí agbowó kì í ti í ṣe agbowó.”

Ó ní òun ti kọ ọ́ nínú ìwé físà pé òun ní ìyàwó, ṣé kò ní di wàhálà. Mo bi í bóyá ẹni tó ń wo físà náà ló ń wo owó-orí. Ó ní ẹnìkan ní kíláàsì wọn ti kìlọ̀ pé kí wọ́n kọ òótọ́ gbogbo, pé ìwé yìí gan-an ni ìjọba fi ń mọ irú ìrànlọ́wọ́ tí àlejò nílò. Inú bí mi. Mo ní, “Ta ló ti ń bá yín tọ́jú ọ̀rọ̀ ilé yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́? Ẹni tí ẹ pàdé ní kíláàsì àbí èmi?” Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Akọ̀wé ti sọ̀rọ̀.” Mo gbọ́ bí ó ṣe tẹ kọ̀ǹpútà. Ó wá ní, “Ó parí. Aládùúgbò lásán ni ẹ́ báyìí o.” A rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín!

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe: “Bàbá Àmínátù kọ ìwé owó-orí àkọ́kọ́ lónìí. Òdo ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé òun kò ní ìyàwó. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọdún kejì, nítorí ohun tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó tún kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti kọjú sí ọ̀nà tí kò tọ́, gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un jìnnà sílé. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́, tí ó sì ti ríṣẹ́, ó kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi àti Àmínátù wá bá òun. A lọ fún àyẹ̀wò ara. Àmínátù, tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ń pín pẹ́ńsùlù rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé, ó ní wọn kì í lo pẹ́ńsùlù ní ibi tí òun ń lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta, orí fóònù nìkan ni ó ti ń rí bàbá rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi nǹkan hàn án, yóò gbé e sún mọ́ fóònù títí fóònù yóò fi ṣókùnkùn.

Ìdáhùn dé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le jù mí lọ, mo bá gbé e lọ sílé bàbá mi, kí àbúrò mi Wàhábì, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Creek Road, lè túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bàbá mi tẹ́ etí. Wàhábì ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, lójijì ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Wọn ò fún yín ní físà. Wọ́n ní nínú gbogbo ìwé owó-orí tó kọ, Bàbá Àmínátù ní òun ò ní ìyàwó. Wọ́n ní àwọn ò gbà pé ìgbéyàwó yìí jẹ́ òótọ́.”

Bàbá mi dìde. Wọ́n ní, “Ta ni kò ní ìyàwó? Èmi tí mo jókòó níwájú ààfáà ńkọ́? Ṣé ewúrẹ́ ni mo fà lé e lọ́wọ́ ni?” Wàhábì ní, “Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti rí obìnrin òyìnbó.” Wọ́n ní kí Wàhábì pè é, kí ó sì gbé fóònù náà sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

“Ṣé o kọ ọ́ àbí o ò kọ ọ́?” Bàbá mi kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀.

“Mo kọ ọ́, sà.”

“Ta ló ní kí o kọ ọ́?”

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ tí ó wọ̀, mo gbọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, “Èmi ni, sà. Àìmọ̀kan ni. Ẹ foríjì mí.”

Ìwé mi wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni bàbá mi ti ń sọ pé, “Akọ̀wé, kí ni ìwé wí?” Mo jókòó, mo ń dúró kí wọ́n sọ ọ́. Mo ti sọ fún Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé bí wọ́n bá bi mí, mo máa kà á. Wọn kò bi mí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n rò pé kò sí ohun tí ìwé lè sọ mọ́. Wọ́n pa fóònù lé e létí, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.” Mo sì gba pẹ̀lẹ́ náà. Ìyẹn ni ohun tí ó ń dùn mí jù. Mo gbà á, ó sì dùn mọ́ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àdúgbò ti gbọ́, obìnrin ilé kẹta ń bu ọbẹ̀ wá fún mi, wọ́n ń pe ọkọ mi ní aláìmoore, èmi sì ń tẹrí ba bí ẹni tí a ṣẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n ṣàánú òun? Àti pé, bí mo bá sọ ọ́, kí ni mo kù sí? Akọ̀wé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ ìdáhùn yẹn, mo ya ewé náà. Òun nìkan ni ewé tí mo yà láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé. Mo gbìyànjú láti dáná sun ún, n kò lè ṣe é. Mo ká a, mo tì í bọ inú ọ̀rá tí ìwé ìbí Àmínátù wà.

Mo pe ọkọ mi lọ́jọ́ kejì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Kí n sọ pé kí ni? Pé ìyàwó mi ló ní kí n sọ pé mi ò níyàwó? Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní fi wá ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi ni mo tẹ kọ̀ǹpútà. Bàbá ẹ ò ní gbà ẹ́ gbọ́ mọ́ tí wọ́n bá gbọ́. Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi. Ìtìjú ò ní físà, kò lè bá mi débí.” Ó ní òun ti ń tún gbogbo ìwé owó-orí náà kọ, láti orí ti ọdún òdo yẹn, òun sì ti kọ lẹ́tà àlàyé pé àṣìṣe òun ni. Ó ní a lè tún gbìyànjú. Ó bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní Aládùúgbò. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òótọ́ ni pé ìtìjú kò lè bá a dé Kánádà. Ọ̀nà Ṣakí ni ó gbà. Bàbá mi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi pé ọmọ wọn ti sẹ́ ìyàwó rẹ̀ lójú ìjọba, pé kí wọ́n wá kí àwọn tú yìgì náà ká. Wọ́n ní bí ó bá tilẹ̀ tún gbogbo ìwé ayé kọ, àwọn kò ní fa ọmọ àwọn lé ẹni tó sẹ́ ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá arúgbó náà wọ ọkọ̀ láti Ṣakí. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára ìborùn wọn nígbà tí wọ́n wọ pálọ̀ bàbá mi. Wọ́n ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn ni wọ́n kúnlẹ̀.

“Àna mi, ẹ má wo ti ọmọ náà. Ẹ wo tèmi. Bí mo bá kọ́ ọ dáadáa, kò ní sẹ́ ẹni tí Ọlọ́run fi fún un.”

Mo sáré dì wọ́n mú. “Màámi, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Fi mí sílẹ̀, ìyàwó mi. Èmi ni mo bí i.”

Wọ́n ti ọwọ́ mi kúrò. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹkún gbọ̀n mí. Àwọn ará ilé tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ń sọ pé, “Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́! Ọkọ sẹ́ ẹ, ó tún ń bá ìyá ọkọ bẹ̀bẹ̀.” Wọ́n ń yìn mí! Eékún arúgbó wà lórí símẹ́ńtì, wọ́n ń yìn mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Bàbá mi rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò rò ó títí di lẹ́yìn Iléyá, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò tó sọ bóyá yìgì yóò tú tàbí kò ní tú.

Ìyá ọkọ mi sùn lọ́dọ̀ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ sí gáréèjì, wọ́n jókòó sẹ́bàá ibùsùn, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń di irun Àmínátù. Wọn kò mọ ìwé kà. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, wọ́n ní o máa ń kọ ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Gbé ìwé náà. Kọ èyí síbẹ̀ fún mi. Kọ ọ́ pé mo wá láti Ṣakí, mo kúnlẹ̀ fún àna mi, nítorí pé ọmọ mi ọkùnrin sẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí Àmínátù kà á tó bá dàgbà. Kó mọ̀ pé bàbá òun sẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìyá bàbá òun ò sẹ́ wọn.”

Àmínátù gbójú sókè, ó bi wọ́n pé, “Ìyá àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní sẹ́?”

Mo gbé ìwé. Mo kọ ọjọ́. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìyá náà na ọrùn, wọ́n ń wo ẹnu bírò bí ẹni tí ń wo ọmọ tó fẹ́ rìn. Ọwọ́ mi kò lọ. Mo ní, “Màámi, íǹkì ti tán nínú bírò yìí.” Wọ́n ní kò burú, bí mo bá ti rí òmíràn kí n kọ ọ́. Wọ́n súre fún mi. Wọ́n ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ tèmi dójú tì mí. Mo sìn wọ́n dé inú ọkọ̀.

Lánàá, wọ́n yá fóònù aládùúgbò wọn pè mí. Wọ́n bi mí pé, “Ṣé o ti kọ ọ́?” Mo ní, “Mo ti kọ ọjọ́, Màámi.” Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Má gbàgbé ìyókù.”

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín lókè òkun, tí ẹ ń bá wọn kọ ìwé láti ilé, ẹ gbọ́ mi. Ìwé owó-orí ẹni tí kò ní nǹkan kan kì í ṣe ìwé lásán. Ibẹ̀ ni ìjọba àjèjì ti kọ́kọ́ ń béèrè irú ẹni tí èèyàn jẹ́ àti ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ọgbọ́n tí a fi ń sá fún agbowó lẹ́yìn kọ̀ǹténà dáhùn rẹ̀. Bí ìyàwó bá wà, kí ẹni yín kọ ọ́ pé ó wà. Kí ó kọ òdo sí ibi tí òdo bá wà, kí ó má sọ èèyàn rẹ̀ di òdo mọ́ ọn.

Ìyẹn ni ìmọ̀ràn tí mo ní fún yín. Èmi náà ń wá tèmi. Bí mo bá sọ òótọ́, bàbá mi kò tún ní pè mí ní akọ̀wé mọ́, Wàhábì yóò sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ayé, ohun tí ọkọ mi gbé sọ́rùn nítorí tèmi yóò sì já sí asán. Bí n kò bá sọ ọ́, bóyá ni yìgì mi kò ní tú lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi dá, ìyá ọkọ mi yóò sì kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ burúkú ni àwọn bí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí ni ẹ wí nípa irọ́ tí ó jókòó sílé, tí ó ń dúró kí òtítọ́ wá?

Mo ti mú ewé tí mo yà yẹn jáde. Ó wà lórí itan mi pẹ̀lú ìwé náà, mo sì ti gbé e ti ibi tí mo ti yà á kúrò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì bá ara wọn mu. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Íǹkì wà nínú bírò, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ bá mi sọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi: kí ni kí n kọ sábẹ́ ọjọ́ yìí?